Àwo Gbígbóná

Ní òpópónà Freeman, nílùú Grimsby,
níbi tí òórùn ẹja ti máa ń jí ṣáájú ènìyàn,
ilé oúnjẹ kan wà tó ní tábìlì mẹ́sàn-án;
èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.
Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun bí mo bá ṣíwọ́ iṣẹ́ òru:
ẹyin méjì, ẹ̀wà inú agolo, búrẹ́dì yíyan,
àti tíì tó pọ́n bí àgbàrá.

Maureen ló ń gbé e wá nígbà náà,
obìnrin tí orúnkún ń dùn, kì í rẹ́rìn-ín lásán.
Á fi aṣọ ìnuwọ́ di etí àwo mú,
á ní, "Rọra o, ó gbóná."
Àwo fúnra rẹ̀ ló gbóná, kì í ṣe oúnjẹ nìkan.
Ó ti gbé e sórí ààrò kí n tó wọlé,
torí ó mọ ìró bàtà mi láti òde.
Ní ọjọ́ kẹta ló béèrè orúkọ mi.
Ìbíyẹmí.
Ó pè é bí ẹni ń gun àkàbà tí ìgbésẹ̀ kan ti kán,
ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé owó, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀ owó.
Títí ó fi lọ, ohùn rẹ̀ kò tọ́ délẹ̀,
ṣùgbọ́n mò ń jẹ́ ẹ.

Orúnkún borí. Maureen fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá.
Callum dé, tòun ti ohun tó ń kọrin sí i létí kan.
Mo jókòó. Àwọn méjì wọlé lẹ́yìn mi,
wọ́n jẹ, wọ́n sanwó, wọ́n lọ.
Mo nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.
Ó wò mí bí ẹni wo aago tó ti kú.
Ìgbà tó gbé e dé, gbàgà!
ẹyin kan yọ̀ kúrò lórí búrẹ́dì, ó fẹ́ sá lọ.
Àwo tutù bí òkúta etí òkun.
Mo ní, "Jọ̀ọ́, fọ́ọ̀kì ńkọ́?"
Ó fi àgbọ̀n júwe.
Àgbọ̀n! Nílé wa ní Ìkìrun,
ọmọ tó bá fi àgbọ̀n júwe ọ̀nà fún àgbà
á gbọ́ ìtàn bàbá tó bí i lọ́jọ́ náà.
Mo ro èébú mẹ́ta. Ìkẹta dára gan-an,
àmọ́ kó tó di èdè òyìnbó, yóò ti kú sójú ọ̀nà.
Mo gbé e mì pẹ̀lú ẹ̀wà.
Mo sì tún dúpẹ́! Èmi ni mo dúpẹ́!
Ẹ̀rọ ìsanwó ní ṣé n ò fi nǹkan kún un fún iṣẹ́ rere.
Ẹ̀rọ náà mọ àwàdà.

Ọjọ́ náà ni ọ́fíìsì ní kí n fi ilé mẹ́ta kún tèmi,
ẹnì kan ò wá síṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún arúgbó kọ̀ọ̀kan.
Ọ̀gbẹ́ni Blanchard ni àkọ́kọ́,
apẹja nígbà kan, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n báyìí.
Mo gbé ọ́ọ̀tì rẹ̀ síwájú rẹ̀.
Gbàgà.
Ó ní, "O ṣeun," kò gbójú sókè.

Mo dúró.
Kóòtù mi ṣì wà lọ́rùn mi.
Mo mọ ìró yẹn. Mo mọ ọpẹ́ yẹn.

Mo gbé abọ́ náà padà, mo da omi gbígbóná sínú òmíràn,
mo nù ún, mo bu ọ́ọ̀tì mìíràn sí i,
mo fi aṣọ di etí rẹ̀ mú.
"Ẹ rọra o, ó gbóná."
Ó wá wò mí. Ó ní, "Kí tiẹ̀ lorúkọ rẹ?"
Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń wọ ilé yẹn.

Mo pẹ́ dé ilé kẹta ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Ọ́fíìsì pè. Mo ní bọ́ọ̀sì ni.
Callum ṣì wà níbẹ̀ o,
mi ò tíì dárí jì í.